Ta ló ni Odu'a? Dáwódù kọ́ ló nilé ẹbí

Bí èèyàn bá dúró ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, tó gbójú sókè wo Cocoa House, fìlà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí rẹ̀. Àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ilé náà, ó sì ga tó mítà 105. Láti ọdún 1965 tí wọ́n ti parí rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, ó sì tún dúró. Ẹ wá bi awakọ̀ takisí tó ń pe èrò nísàlẹ̀ ibẹ̀ pé ta ló ni ín. Á ní, "Ti gómìnà ni." Ẹ bi ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Á ní, "Ti Awólọ́wọ̀ ni, àbí ẹ ò mọ̀ ni?" Ẹ bi bàbá arúgbó kan tó ti Ìdànrè wá kí ọmọ rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sá kòkó. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Tèmi ni. Owó tí wọn ò san fún mi ni wọ́n fi kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì jìnnà sí ìwé òfin jù. Lójú òfin, kì í ṣe gómìnà ló ni Cocoa House, kì í ṣe Awólọ́wọ̀, kì í sì í ṣe àgbẹ̀. Kọ́ńpìnnì kan ló ni ín, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Odu'a Investment Company Limited. Odu'a fúnra rẹ̀ sì ní àwọn tó ni ín: ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Èkó. Àwọn tó ń jókòó ṣèpàdé lórí rẹ̀, tí à ń pè ní bọ́ọ̀dù, ọ̀tọ̀ làwọn yẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ gan-an nìyẹn.

OWÓ TÓ BÍ OWÓ

Kí Odu'a tó dé ni Marketing Board ti wà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló dá ti kòkó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1947. Nígbà tó di 1954, wọ́n pín in, Ìwọ̀-Oòrùn sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iṣẹ́ bọ́ọ̀dù yìí kò ṣòro láti lóye. Òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ta kòkó sí òkè òkun, òun náà ló sì ń dá iye tí àwọn alágbàtà máa san fún àgbẹ̀ lóko. Ká ní kòkó ń mú pọ́ùn mẹ́wàá wá ní Lọ́ńdọ̀nù, àgbẹ̀ lè gba mẹ́fà níbẹ̀, ìyókù á sì wọ inú àpò bọ́ọ̀dù. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún àgbẹ̀ ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọjà á já wálẹ̀, ọjọ́ náà ni àwọn á mú owó tí wọ́n fi pamọ́ jáde, kí ebi má baà pa á.

Àlàyé náà dùn létí. Ṣùgbọ́n owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè máa sùn sílẹ̀ kí ìjọba máa wò ó. Láti ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó kòkó gún nǹkan. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ilé tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ní ìpín nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òyìnbó. Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí ní 1962. Òtẹ́ẹ̀lì dìde, ilé-iṣẹ́ tó ń lọ kòkó dìde n'Íkẹjà, wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n á máa yá fún ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé orí kòkó ni gbogbo rẹ̀ ń gùn á rò pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́.

Báńkì náà ò gbẹ́yìn. National Bank, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1933, fara mọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Àgbọ́nmágbẹ Bank, tí Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè dá sílẹ̀ ní 1945, bọ́ sọ́wọ́ Marketing Board ní 1969, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Wema. Ẹni tó bá fetí sí orúkọ yẹn á gbọ́ Western nínú rẹ̀, á sì gbọ́ Marketing.

ÀWỌN MẸ́RIN TÓ DÁ KỌ́ŃPÌNNÌ SÍLẸ̀

Ìbéèrè pé ta ló ni dúkìá tí wọ́n fi owó kòkó rà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti dá ìjà sílẹ̀ rí, ìjà tó sì le ni.

Ní 1958, àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ Action Group dá kọ́ńpìnnì kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ National Investment and Properties Company. Mẹ́rin ni àwọn tó jẹ́ olùdarí rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà sì ni wọ́n. Kọ́ńpìnnì àdáni ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Marketing Board ló ti yá owó ńlá tó fi ń ra ilẹ̀, tó sì fi ń kọ́lé. Ní 1962, nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, tí ìjọba àpapọ̀ sì gba àkóso Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ G.B.A. Coker. Ìgbìmọ̀ náà tú ìwé ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò. Ó sọ pé owó bọ́ọ̀dù kòkó ti gba ọwọ́ kọ́ńpìnnì àdáni yìí dé inú àpò ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó di ẹ̀bi ru Awólọ́wọ̀, ó sì ní Akíntọ́lá kò jẹ̀bi.

Àwọn ọmọ lẹ́yìn Awólọ́wọ̀ kò gbà á títí dòní. Wọ́n ní ìdájọ́ òṣèlú ni, wọ́n ní báwo ni èèyàn méjì á ṣe jọ wà nínú ìjọba kan náà kí ọwọ́ ọ̀kan dọ̀tí, kí ti èkejì mọ́ tónítóní. Èyí tó wù kó jẹ́, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí apá méjèèjì ò lè jiyàn rẹ̀: owó àgbẹ̀ lọ sínú kọ́ńpìnnì tí àwọn olùdarí rẹ̀ jẹ́ èèyàn mẹ́rin, àgbẹ̀ ò sì lẹ́nu níbẹ̀.

Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dákẹ́ títí. Ní 1968 sí 1969, Àgbẹ́kọ̀yà dìde n'Íbàdàn àti agbègbè rẹ̀, wọ́n ní owó orí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, kòkó ò sì mówó gidi wá fún wọn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ìjọba ológun dín owó orí kù ní ìgbẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ jáde nínú gbogbo ìyẹn pé ó yẹ kí á fún àgbẹ̀ ní ìpín tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ nínú ohun tí owó rẹ̀ rà.

BÀBÁ KÚ, ILÉ KÒ ṢEÉ PÍN

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed gé Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. David Jemibewon di gómìnà Ọ̀yọ́, Saidu Ayọ̀délé Balógun di ti Ògùn, Ita David Ikpeme di ti Oǹdó. Bí ìgbà tí bàbá bá kú tó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ ló rí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣeé pín, kálukú á gba ìlú rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ṣeé pín, fáìlì ṣeé pín. Báwo ni èèyàn ṣe máa pín Cocoa House? Ṣé kí Ọ̀yọ́ mú ìsàlẹ̀, kí Ògùn mú àárín, kí Oǹdó mú òkè?

Wọ́n sì ti mú lára ogún náà lọ kí wọ́n tó jókòó. Ìjọba àpapọ̀ ti gba Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1975, tẹlifíṣọ̀n WNTV náà sì di ti NTA kò pẹ́ sígbà yẹn. Èyí tó kù ni ilé-iṣẹ́, òtẹ́ẹ̀lì, ilé, àti ìpín nínú kọ́ńpìnnì àwọn ẹlòmíràn. Ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní tú u ká. Wọ́n dá kọ́ńpìnnì kan sílẹ̀ ní 1976 náà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ Odùduwà, nítorí pé ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn.

Àbá ọlọ́gbọ́n nìyẹn, Yorùbá sì mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Ilé ẹbí ni. Nínú ilé ẹbí, ọmọ kan ò lè dá nìkan tà á. Dáwódù ló ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, òun ló ń tún òrùlé ṣe, òun ló ń dúró fún ẹbí ní kóòtù, ṣùgbọ́n dáwódù kọ́ ló nilé. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ilé mi", àwọn àbúrò á pe ìpàdé. Ẹbí sì ń bí sí i: Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́ ní 1991, Èkìtì jáde lára Oǹdó ní 1996, àwọn méjèèjì sì wọlé bá àwọn tó ni Odu'a.

Èkó ló wọlé kẹ́yìn. Àwọn kan ń bínú pé kí ni Èkó ń wá níbẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Badagry wà. Ìkẹjà yìí kan náà sì ni Lagos Airport Hotel àti ọ̀pọ̀ nínú ilé Wemabod, tí Odu'a ni, dúró sí. Ọmọ tó tètè kúrò nílé kò tíì kúrò lọ́mọ.

ÌYÀTỌ̀ TÓ WÀ LÁÀÁRÍN ÌPÍN ÀTI ÀGA

Odò ọ̀rọ̀ yìí jìn níbí, ẹ jẹ́ ká rọra fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́.

Òfin kọ́ńpìnnì tí Nàìjíríà ń lò, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ọkùnrin aṣebàtà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Aron Salomon. Ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kọ́ńpìnnì. Nínú ìpín 20,007, òun nìkan mú 20,001, ìyàwó àti ọmọ márùn-ún mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ́ńpìnnì náà wọ gbèsè, àwọn olówó ní kí Salomon fi owó ara rẹ̀ san, pé ta ló tún ni kọ́ńpìnnì náà bí kì í bá ṣe òun. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a ní 1896 pé rárá, ọ̀tọ̀ ni Salomon, ọ̀tọ̀ ni kọ́ńpìnnì rẹ̀. Bó ṣe di òfin nìyẹn, òun náà sì ni wọ́n ń lò n'Íbàdàn. Ìpínlẹ̀ ní ìpín nínú Odu'a, ṣùgbọ́n Odu'a ló ni Cocoa House. Gómìnà kankan ò lè gbé akọ̀wé dìde lọ́sàn-án kan pé kó lọ gba owó ilé Dùgbẹ̀ wá fún òun. Tí èrè bá wà, bọ́ọ̀dù á dámọ̀ràn iye tí wọ́n máa pín, ìpàdé àwọn tó nìpín á fọwọ́ sí i, owó á wá lọ sínú àpò ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bọ́ọ̀dù ńkọ́? Àwọn ìpínlẹ̀ tó nìpín ló ń yan aṣojú wọn síbẹ̀, gómìnà ló sì ń sọ̀rọ̀ fún ìpínlẹ̀. Ẹni tí gómìnà bá yàn máa ń rò pé gómìnà lòun ń sìn. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin kọ́ńpìnnì ti 1990, àti èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2020, sọ ọ́ yéké pé ẹni tí onípìn-ín kan bá yàn sí bọ́ọ̀dù lè ro ire ẹni tó yàn án ní pàtàkì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ro tirẹ̀ nìkan. Kọ́ńpìnnì lòun ń ṣiṣẹ́ fún. Ará Èkìtì tó bá wà ní bọ́ọ̀dù Odu'a kò gbọ́dọ̀ dìbò kí òtẹ́ẹ̀lì Ìkẹjà bàjẹ́ tìtorí pé wọn ò kọ́ ọ̀kan sí Adó. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ èrè ìkọ̀kọ̀ lórí iṣẹ́ tó ń ti ọwọ́ kọ́ńpìnnì jáde. Bó bá ṣe é, àwọn tó nìpín lè yọ ọ́ ní ìpàdé, bí ìbò tó pọ̀ jù bá ti gbè é.

Lórí ìwé nìyẹn. Lójú ayé, ìpàdé tí gómìnà mẹ́fà á ti jókòó pọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ wo bí ayé ṣe yí lórí àwọn dáwódù wọ̀nyí. Láti 1979, Bọ́lá Ìgè ló wà l'Ọ́yọ̀ọ́, Bísí Ọnàbánjọ ní Ògùn, Adékúnlé Ajáṣin ní Oǹdó, UPN sì ni gbogbo wọn. Ní oṣù kẹwàá 1983, Omololú Olúnlọ́yọ̀ọ́ ti NPN gba Ọ̀yọ́, oṣù mẹ́ta péré ni ó lò kí àwọn ológun tó lé gbogbo wọn lọ. Ní 1999, AD kó gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 2003, PDP gba ìpínlẹ̀ márààrún tó ni Odu'a nígbà náà. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá yí ni aṣojú lè yí, tí alága lè yí. Òṣèlú àti bọ́ọ̀dù yìí kò sì jìnnà síra wọn: Sarafadeen Alli ti jẹ́ alága Odu'a kí ó tó di sẹ́nétọ̀ fún Gúúsù Ọ̀yọ́ ní 2023, Bimbo Ashiru ti jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìṣòwò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 2011 sí 2019 kí ó tó di alága. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti ṣèjọba lè mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: igi kòkó gan-an, ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ló ń lò kó tó so dáadáa, ọdún mẹ́rin sì ni sáà gómìnà. Ta ló fẹ́ gbin ohun tí ẹlòmíràn máa ká? Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá tún ṣe lónìí lè gbà tó ọdún mẹ́wàá kó tó mú owó rẹ̀ padà wá. Gómìnà tí ìbò ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ á fẹ́ kí wọ́n pín èrè kíá, kó fi san owó oṣù.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kọ́ńpìnnì náà ò tú. Àwọn ohun tí ìpínlẹ̀ dá nìkan ní, mélòó ló kù? Ilé-iṣẹ́ Sketch, tó dá Daily Sketch sílẹ̀ ní 1964, tó sì ń tẹ Gbohùngbohùn fún àwọn tó ń ka Yorùbá láti 1970, ti àwọn ìjọba yìí náà ni. Ó ti kógbá sílé. National Bank kò lè dá dúró mọ́ nígbà tí Central Bank ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà. Ó wọnú Wema ní 2005. Marketing Board fúnra rẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1977, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 1986. Odu'a ṣì wà. Ohun tó sì gbà á là ni pé ìpín rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan tó lè jí lọ́jọ́ kan kó tà á.

ORÚKỌ TA LÓ WÀ NÍNÚ ÌWÉ?

Ohun kan ló kù tó ń dunni. Wema ti di báńkì tí ẹnikẹ́ni lè ra ìpín rẹ̀ ní ọjà ìpín. Ìyá aláṣọ ní Gbági tó ra ẹgbẹ̀rún kan ṣíà nínú Wema, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Wọ́n á fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́ sí i, á wọṣọ àrà, á lọ, á nawọ́ sókè, á bi alága ní ìbéèrè, á sì dìbò. Bàbá Ìdànrè tí owó kòkó rẹ̀ wà nínú ìpìlẹ̀ Odu'a kò lè ra ẹyọ kan níbẹ̀. Kọ́ńpìnnì àdáni ni Odu'a jẹ́ lójú òfin, àwọn ìjọba nìkan ló sì ni ín.

Àwọn kan ní ojútùú rẹ̀ ni pé kí wọ́n ta lára ìpín náà fún ará ìlú. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tà á lọ́la, ṣé ọmọ àgbẹ̀ ni yóò rí owó rà á, àbí àwọn olówó tó ti ń dúró dè é l'Ékòó? Ẹ̀yìn ọdún mẹ́ta, èèyàn mẹ́rin lè tún kó ara wọn jọ sórí ohun tí gbogbo ìran ṣiṣẹ́ fún, a ó sì tún padà sí 1958. Ó sàn kí ìpín náà wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa bi gómìnà rẹ̀ lọ́dọọdún ní gbangba pé: èló ni Odu'a san fún wa, ibo lẹ ná an sí, ta lẹ yàn sí bọ́ọ̀dù, kí ló sì mọ̀ nípa òwò?

Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró de aṣòfin, ọ̀nà wà. Gbogbo kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ló ní fáìlì lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission. Orúkọ àwọn olùdarí wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó nìpín àti iye tí kálukú ní wà níbẹ̀. Òfin gba ẹnikẹ́ni láyè láti san owó ìwádìí kí wọ́n fi hàn án, kì í ṣe àṣírí. Bàbá Ìdànrè lè rán ọmọ rẹ̀ tó wà n'Íbàdàn lọ lọ́jọ́ Ajé.